Rírìn Igbó Pẹ̀lú Ẹrù Lẹ́yìn: Láti Etí Òkun Dé Igbó Ìsẹ̀

Kókó ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìjíròrò lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Olóòtú ètò yìí ni ó bi mí léèrè pé: àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó tí a máa ń rí ní Àgbádárìgì tàbí ní Lẹ́kí, tí wọ́n gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn ní etí òkun, tí wọ́n ń sùn nínú àgọ́, tí wọ́n ń wo ẹyẹ àti ẹranko, kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ǹjẹ́ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bá àṣà wa mu? Bí ó bá sì bá a mu, ǹjẹ́ ibì kan wà ní ilẹ̀ Èkìtì, tí kò ní òkun, tí olùkọ́ lè kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ láti rìn bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò sì ní lè fi àkókò kan náà dáhùn wọn. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó jẹ mí lọ́kàn jù, nítorí pé ibẹ̀ wà, ó sì lè má sí mọ́ kí ọmọ tí ń bẹ ní ilé-ìwé gírámà lónìí tó di olùkọ́. Igbó ìjọba tí ó wà ní Ìsẹ̀ Èkìtì ni mo ń wí, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní rìsáàfù. Ṣùgbọ́n kí a tó wọ inú igbó náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ìrìn yìí jẹ́ àti ibi tí ó ti wá.

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi Yorùbá pe ìrìn tí àwọn àlejò wọ̀nyí ń rìn, yóò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó gbé e. Ohun tí ó fà á kò fara sin. Orí ni àwa fi ń ru ẹrù. Èjìká ni a ń gbé àpò kọ́. Abíyá ni a ń há ìwé sí. Ẹ̀yìn ńkọ́? Ọmọ ni a fi ń pọ̀n. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà ara tirẹ̀ àti ohun tí ó yẹ ẹ́. Ọdẹ àti ọmọ-ogun ni wọ́n máa ń gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn, kí ọwọ́ wọn méjèèjì lè ṣófo fún ìbọn àti àdá; ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àpò ìwé olókùn méjì ti dé, kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kì í gbé e kọ́ ẹ̀yìn mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, n ó máa pe ìrìn náà ní ìrìn ẹrù-lẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, inú mi yóò dùn láti gbà á.

Àwọn kan a máa sọ pé irú ìrìn báyìí kì í ṣe ti Yorùbá rárá. N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn alájàpá ń rìn láti ọjà dé ọjà pẹ̀lú igbá lórí. Àwọn Òṣómàáló tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ àwìn káàkiri abúlé Èkìtì, ẹsẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi rìn kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ọdẹ a máa lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó pẹ̀lú gààrí, iyọ̀, ìṣáná àti ṣakabùlà; a sùn sí abẹ́ igi, a sì mọ ibi tí omi mímu wà. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé olúkúlùkù wọn ní ohun tí ó ń wá. Kò sí ẹni tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkẹ̀rẹ́ dé Ẹmùrẹ́ kí òun kàn lè rí bí ọ̀nà ṣe rí. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Inú ìwé ni a ti rí ìrìn tí ó sún mọ́ ọn. Ní ọdún 1938 ni *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó kọ jáde. Ọdẹ ni ẹni tí ń rin ìrìn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí ni òǹkàwé ń rántí, kì í ṣe iye ẹran tí ó pa. Mo ti kíyèsí i pé akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì lè ka gbogbo ohun abàmì tí ń bẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí ọ létí, kí ó má sì lè dárúkọ igi mẹ́wàá tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1938 kan náà ni Ọlọ́wẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tí a fi orúkọ rẹ̀ mọ ìlú Ìsẹ̀, di olóògbé. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n gbé bí i, ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n ní Ìsẹ̀, lábẹ́ Arínjálẹ̀, ni ó ti di olókìkí. Mo dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín nítorí ilẹ̀kùn kan tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ̀rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìṣúra British Museum gbà á, wọ́n sì fi àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san án fún Ògògà. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sí i lára: Ògògà jókòó nínú ọlá rẹ̀, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ wá kí i, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Àwọn ènìyàn wa ni wọ́n gbé e, àwọn ènìyàn wa náà ni wọ́n sì ru ẹrù rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìrìn àwọn tí ó ti etí òkun wọlé ṣáájú wọn ṣe rí. Ní ìparí ọdún 1825 ni Hugh Clapperton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ibà pa méjì nínú àwọn ọ̀gá tí wọ́n jọ gbéra, Pearce àti Morrison, kí wọ́n tó rìn jìnnà rárá. Clapperton fúnra rẹ̀ kú ní Sókótó ní 1827. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, ni ó padà dé etí òkun láàyè. Ní 1830, òun àti àbúrò rẹ̀ John tún padà wá sí Àgbádárìgì, wọ́n sì tẹ̀lé Odò Ọya dé ibi tí ó ti wọ òkun. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹni tí ó mọ ọ̀nà, ẹni tí ó mọ omi tí ó ṣeé mu, àti ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ yìí ni. Àkọsílẹ̀ nìkan ni kò sí ní ọwọ́ wọn.

Lónìí, ọmọ Òyìnbó ti kọ́ bí a ṣe ń ru ẹrù ara ẹni. Àwa ńkọ́? A kò ru tiwa mọ́, a kò sì rìn mọ́. Ọ̀kadà ń gbé wa dé ẹnu ọ̀nà oko. N kò bú ẹnikẹ́ni o. Èmi náà ń gùn ún. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀nà, tí ó jẹ́ ọrọ̀ wa nígbà náà, ìrìn ni ó ń pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dé etí òkun náà, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè olóòtú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ láti Ìsẹ̀ yóò gba Àkúrẹ́ àti Oǹdó, yóò gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa, yóò sì dé Igbókòdá, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí àwọn ìlú Ìlàjẹ tí ó wà ní etí òkun gan-an. Ọ̀kan nínú wọn ni Ayétòrò, tí àwọn onígbàgbọ́ tí ń gbé pọ̀ bí ọmọ ìyá dá sílẹ̀ ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn nígbà kan rí nítorí iṣẹ́-ọwọ́ àti ètò ìlú rẹ̀. Òkun ti gbé apá ńlá nínú ìlú náà lọ. Ibi tí ilé àti òpópónà wà tẹ́lẹ̀, omi ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin etí òkun wa láti òpin dé òpin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà náà kì í dúró sí ojú kan. Ẹnu odò gé e sí wẹ́wẹ́, igi inú omi iyọ̀ tí gbòǹgbò wọn yọ sókè bí ẹsẹ̀ alákàn dí i, omi òkun a sì máa fa àní ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ lọ sí ibú.

Síbẹ̀, ohun tí ó wà níbẹ̀ tó ohun tí à ń rìn lọ wò. Ìjàpá òkun ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Abo rẹ̀ ń jáde sí iyanrìn ní òru láti yé ẹyin, ó lè yé tó 100 lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn lè wọ̀n ju kílò 300 lọ. Bí ọmọ bá pa, ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn lójú omi ni ó ń tẹ̀lé lọ sí òkun. Bí iná mànàmáná ilé ìgbafẹ́ bá wà ní ẹ̀yìn, ó ń ṣì í lọ́nà, yóò kọrí sí títì, kò sì ní rí òkun mọ́. Ní Lẹ́kí, ilé-iṣẹ́ tí ń dáàbò bo ẹranko àti igbó ti ní ọgbà kan láti 1990, tí ó tó hẹ́kítà 78. Afárá kan wà níbẹ̀ láti 2015 tí a so mọ́ òkè igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, tí ènìyàn fi lè wo igbó láti òkè. Mo gba olùkọ́ tí ó bá wà ní Èkó ní ìmọ̀ràn pé kí ó lọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó wà ní Ìkẹ̀rẹ́ kò ní láti yá owó ọkọ̀ lọ sí Èkó kí ọmọ tó rí igbó.

Mo wá dé Ìsẹ̀. Igbó ìjọba ibẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 142 níbùú-lóròó. Ó jẹ́ ara igbó kìjikìji tí ó bo gúúsù ilẹ̀ Yorùbá nígbà kan rí, kí kòkó, gẹdú àti ìlú tó jẹ ẹ́ kù sí ibi díẹ̀díẹ̀. Ẹ óò rí àràbà, ìrókò, arère àti àfàrà níbẹ̀. Ẹ óò gbọ́ àgbìgbò kí ẹ tó rí i, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ ń dún bí ẹni ń fẹ́ iná ní àgbẹ̀dẹ. Ẹtu wà, òòrẹ̀ wà, túùkú wà, akíkà tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀ kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí àwọn onímọ̀ láti òkèèrè mọ orúkọ Ìsẹ̀ ni ìnàkí.

Níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Òwe wa sọ pé bí ọ̀bọ ṣe ṣe orí ni ìnàkí ṣe ṣe. Òwe náà dára fún bíbá ènìyàn wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Ọ̀bọ ní ìrù, ìnàkí kò ní. Ọ̀bọ a máa sùn lórí ẹ̀ka igi lásán, ìnàkí a máa tẹ́ ibùsùn. Nínú ìwé kan, ẹ óò rí i pé wọ́n pe gorilla ní ìnàkí, ní òmíràn wọ́n lo orúkọ náà fún ẹranko mìíràn. Ní Nàìjíríà, gorilla kò sí níbòmíràn àfi ní ìhà Cross River. Ìnàkí tí ọdẹ Ìsẹ̀ ń wí, chimpanzee ni. Ẹ̀yà mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ pín chimpanzee sí. Èyí tí ó wà ní Ìsẹ̀ ni ó kéré jù ní iye nínú àwọn mẹ́rin náà. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ni ó wà ní gbogbo ayé, a sì gbà pé wọn kò pé 9,000. Gashaka-Gumti ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ni wọ́n pọ̀ sí jù ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù, nínú àwọn igbó bíi ti Ìsẹ̀ àti Ìdànrè.

Ìṣesí wọn ni ó mú kí n sọ pé ìrìn ẹrù-lẹ́yìn ni a fi lè mọ̀ wọ́n, kì í ṣe ọkọ̀. Ìnàkí tí kò mọ ènìyàn mọ́ra yóò sá kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ìbọn ni ó mọ̀ mọ́ wa. Nítorí náà, àmì rẹ̀ ni à ń wá. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìnàkí tí ó ti dàgbà a gun igi, a tẹ ẹ̀ka wálẹ̀, a hun ún pọ̀, a fi ewé tútù tẹ́ ẹ, a sì sùn sí i. Lọ́jọ́ kejì, a tún tẹ́ òmíràn níbòmíràn. Ibùsùn tí ewé rẹ̀ ṣì tutù, àná ni. Èyí tí ewé rẹ̀ ti pọ́n, ó ti pẹ́. Nípa kíka ibùsùn wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ fi ń fojú díwọ̀n iye ìnàkí tí ó wà nínú igbó láìfi ojú kan wọn. Ẹ óò tún rí kóró èso nínú ìgbẹ́ wọn, tí ó ń hù níbi tí igi ìyá rẹ̀ kò sí. Abo ìnàkí a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, a sì máa tó ọdún márùn-ún kí ó tó tún bímọ. Ẹ̀yìn ni ó ń gbé ọmọ náà sí bí ó bá ń rìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa. Bí a bá pa ẹyọ kan, ẹ lè ṣírò ìgbà tí àfidípò rẹ̀ yóò tó dàgbà.

Ìbọn nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Àwọn agégẹdú ń wọlé, oko kòkó ń sún mọ́ àárín igbó lọ́dọọdún, okùn wáyà tí a dẹ fún ẹtu kò sì mọ̀ bóyá ẹtu ni ó kọ́ tàbí ọmọ ìnàkí. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ láti dá a dúró. Ní ọdún 2020 ni Rachel Ashegbofe Ikemeh gba ẹ̀bùn Whitley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe lórí ìnàkí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Láàárín àwọn ará àdúgbò ni wọ́n sì ti ń yan àwọn tí ń ṣọ́ igbó. Mo fara mọ́ èyí, nítorí ẹni tí ó mọ ipasẹ̀ ẹran láti fi pa á náà ni ó lè mọ̀ ọ́n láti fi ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín jẹ: àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ mìíràn, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì wà ní ọrùn rẹ̀, kò ní fi kòkó sílẹ̀ nítorí pé olùkọ́ yunifásítì kan sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn. Àfi bí àlejò tí ń wá wo igbó bá ń sanwó fún afọ̀nàhàn, fún oúnjẹ àti fún ibùsùn ní abúlé náà.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ orúkọ, tí ó dùn mí jù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ dé ẹnu igbó kan ní agbègbè yìí. Bàbá ọdẹ kan ni ó ṣíwájú wa. Nǹkan fò láti igi kan dé èkejì. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi ohùn kan sọ pé, "Monkey!" Bàbá náà wò wọ́n, ó ní, "Èwo nínú wọn?" Kò sí ẹni tí ó dáhùn, ojú sì ti èmi tí mo ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Fún bàbá náà, ọ̀bọ kì í ṣe ẹdun, ẹdun kì í ṣe ìjímèrè, ìjímèrè kì í sì í ṣe aáyá. Olúkúlùkù ní àwọ̀, ohùn àti èso tí ó ń jẹ. Ẹdun gan-an, òun ni a fi ń ki àwọn ìbejì; mélòó nínú àwọn tí ń kí ìbejì báyìí ni ó ti fi ojú kan ẹdun rí? Nígbà tí Adébóyè Babalọlá kó ìjálá jọ tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1966, oríkì ẹranko àti ẹyẹ pọ̀ nínú ohun tí àwọn ọdẹ sun fún un. Ẹni tí kò mọ ẹranko náà lè kọ́ oríkì rẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí a fi kì í bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rò pé ó kan ẹ̀yin olùkọ́ nìyí. Bí ẹ bá kó ọmọ lọ, kí wọ́n mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì dání ju ẹ̀rọ ayàwòrán lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìsẹ̀, Ọ̀rùn àti Ẹmùrẹ́ ṣe pè é, kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ di ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹ mọ̀ pé Èkìtì a máa pe ilé ní ulé, a sì máa pe iṣu ní uṣu; bákan náà ni orúkọ ẹyẹ àti ewé ṣe lè yí padà láti ìlú kan sí òmíràn, ìyípadà náà sì ni ẹ̀kọ́ tí à ń wá.

Nípa ìmúrasílẹ̀, díẹ̀ ni n ó sọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ni ó rọrùn jù. Ẹrù ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju ìdá márùn-ún ìwọ̀n ara ẹni tí ó gbé e lọ; omi ni kí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bàtà kí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ orúnkún ni ejò sábà ń bù jẹ. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó igbó ní Adó, kí a sì kọ́kọ́ kí Arínjálẹ̀ àti àwọn baálẹ̀ tí abúlé wọn wà lẹ́nu igbó. Kò sí ẹni tí ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé onílé. Ẹni tí ó bá ń wúkọ́ tàbí tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú kí ó dúró sílé, nítorí àìsàn tí ń ṣe wá fún ọjọ́ mẹ́ta lè pa odidi agbo ìnàkí. Bí a bá sì fi orí ire rí wọn, kí a má ṣe sún mọ́ wọn ju mítà 10 lọ, kí a má sì ju oúnjẹ sílẹ̀.

Ó ku ohun kan, tí ó bá jẹ́ pé mo fò ó, ẹ óò ní irọ́ ni mo ń pa. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn agbébọn jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ gbé nínú ọkọ̀ wọn ní ọ̀nà Ẹmùrẹ́. Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n pa ọba méjì ní òpópónà ní ìhà kejì ilẹ̀ Èkìtì. Wọ́n padà dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ wọn kò bọ̀ wálé láàyè. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti wà láti 2020, wọ́n sì ń gbìyànjú, àmọ́ igbó tí a ń sọ pé kí ọmọ lọ wò ni àwọn kan fi ń ṣe ibùba. Òbí tí ó bá kọ̀ láti fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kò jẹ̀bi. Ní tèmi, mo rò pé igbó tí a pa tì, tí ọdẹ àti àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ kì í dé mọ́, ni ó tètè ń di ti ọlọ́ṣà. Síbẹ̀, n kò ní fi ọmọ ọlọ́mọ dán èrò yìí wò.

Nígbà tí ìjíròrò fẹ́ parí, olóòtú bi mí bóyá èmi yóò pa àgọ́ sùn sí igbó Ìsẹ̀ bí àwọn Òyìnbó ṣe ń sùn sí etí òkun. Mo ní, èmi nìkan pẹ̀lú ọdẹ méjì tí ó mọ igbó, bẹ́ẹ̀ ni. Pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, rárá, kì í ṣe ní àsìkò yìí. Pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, n ó lọ ní ọ̀sán gangan, àwọn tí ń ṣọ́ igbó níwájú, Àmọ̀tẹ́kùn lẹ́yìn, n kò ní wọlé ju ìrìn wákàtí kan lọ, a óò sì ti padà sí ìgboro Ìsẹ̀ kí agogo mẹ́ta tó lù. Wákàtí kan tó láti rí ibùsùn ìnàkí kan, bí afọ̀nàhàn bá mọ ibi tí ó wà, àti láti kọ orúkọ igi tí ó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀.